Pípín Ẹrù Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì tíì wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìrìn àjò kan náà ni méjèèjì: a wọ bàálù lọ sí Abuja, a gba orí irin padà bọ̀. Etí ọmọbìnrin mi ló gbé wa lọ. Awọ etí ọ̀tún rẹ̀ ti lu láti kékeré. Ó máa ń ṣọyún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fi gbọ́ ohun tó yé e. A lọ kí dókítà lè dí ihò náà, bóyá yóò lè fi gbọ́ràn.

Mo máa sọ ti ọkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí àwa ṣe ń wọkọ̀ nílé. Ní Awoye, létí òkun, níbi tí mo ti ń ta okùn àti àwọ̀n, ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sọ́jà, òun la fi ń lọ kí àna, òun náà la fi ń gbé òkú. Ẹni tó bá di ẹ́ńjìnnì mú lẹ́yìn ọkọ̀ ló máa ń sọ ibi tí kálukú máa jókòó. Á wo ara èèyàn, á wo ẹrù rẹ̀, á sì na ìka. Ẹni tó sanra ń lọ sí àárín, àpò púpurú ń lọ síwájú, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á jókòó sí etí. Bí ẹnì kan bá sọ̀ ní Molutehin, kò sẹ́ni tó máa sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n sún. Wọ́n á ti sún kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan pátákó èbúté. Ọmọ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀ geere mọ̀ ọ́n. Bí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún tó yẹ kí a wò, orí la máa ń yí, a kì í yí ìdí.

Ti ọmọbìnrin mi yàtọ̀ díẹ̀. Etí ọkọ̀ lápá ọ̀tún lòun máa ń jókòó sí nígbà gbogbo, kí gbogbo wa lè wà lápá òsì rẹ̀, níbi tí etí tó dára wà. Àwọn atukọ̀ wa mọ̀, wọ́n sì máa ń gbé ẹrù sí apá kejì kí ọkọ̀ lè dọ́gba. Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Nídìí oúnjẹ, lórí ẹní, nínú kíláàsì, òun ló máa ń wà níparí lápá ọ̀tún. Èmi gan-an, bí mo bá ń bá a rìn, ẹsẹ̀ mi ti mọ apá òsì.

Ilé ìwé kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Omi ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa ń sáré kọjá lójú omi wa, ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó rí i, pàápàá níbi tí omi bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Ọmọ tó ń fi etí kan gbọ́ràn kì í mọ apá ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Mo ti rí i tó ń wo òsì nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́tùn-ún. Kò tíì dàgbà tó láti máa dá wakọ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, kò síbi tí ọmọ tí kò wakọ̀ lè dá lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja ló bá wa rí dókítà, òun náà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ìyàwó mi dúró ti àwọn ọmọ tó kù. Èmi àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Warri, a sì wọ bàálù níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú bàálù ni pé mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó ọmọ mi. Wọ́n ti sọ pé ibẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí pé ọkọ̀ tí wọ́n ti ń sọ pé jákẹ́ẹ̀tì wà tí kò sì sí kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì. Mo fà á jáde díẹ̀ kí n lè wo okùn rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú èrò dé bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a sọ nìyí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀."

"Okùn rẹ̀ ni mò ń wò."

"Kò ní í já, sà."

"Ta ló so ó?"

Ó wò mí díẹ̀. "Ẹ jókòó sà, ẹ de bẹ́líìtì yín."

Ọmọ mi ti kọjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ bàálù. Ó mọ́ tónítóní, ó sì yára. Kí bisikíìtì tí wọ́n fún wa tó tán, wọ́n ti ní a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo wà ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tó gbéra, mo rí omi àti igbó díẹ̀, lẹ́yìn náà ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí. Bí a bá wà lójú omi tí ìgbì dìde, mo máa ń yíjú wo ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú. Bí ojú rẹ̀ bá balẹ̀, ojú tèmi náà á balẹ̀. Nínú bàálù, ohùn lásán ni ẹni tó ń wà á. Ó ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà níwájú, ohùn náà kò sì sọ ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi. Bàálù mì. Gbogbo wa kọjú síwájú bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń bínú sí. Etí mi méjèèjì di, ó sì ń dùn mí. Ti ọmọ mi kò dùn ún. Mo rò pé ara rẹ̀ le ju tèmi lọ ni.

Dókítà ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí, tó ti yọ òwú tó fi dí etí náà. Ó ní nígbà tí ihò wà lára awọ etí, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, bàálù kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní báyìí tí òun ti dí i, bàálù lè já ohun tí òun lẹ̀ mọ́ ọn. Torí náà, a ò gbọdọ̀ wọ bàálù padà. Omi kò gbọdọ̀ kan etí náà. Ọmọ kò gbọdọ̀ fun imú kíkankíkan. Mo bi í bóyá ó máa gbọ́ràn. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ihò dí, ọ̀tọ̀ ni kí etí gbọ́ràn, òun ò sì lè ṣèlérí ìkejì.

"Ohun kan tún wà, bàbá," ó ní. "Ẹ má máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí láti fi dán an wò. Mo ti rí ojú yín, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ṣe é. Ẹ máa kó ìdààmú bá ọmọ náà, ohun tí ẹ bá sì rí níbẹ̀ kò ní í jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kó padà wá, ẹ̀rọ tí a fi ń dán etí wò ló máa sọ."

Mo ní mo gbọ́. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láràárọ̀ láti bèèrè bóyá ó ń gbọ́, ohun kan náà ni mo sì máa ń sọ fún un, pé wọ́n ní kí a má dán an wò. Bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀ lórí fóònù, mo mọ̀ pé ká ní òun ló wà níbẹ̀, òun ì bá ti dán an wò tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe máa padà délé wá di àríyànjiyàn láàárín èmi àti àbúrò mi.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá mọ́tò tó dára, bọ̀ọ̀dá mi."

"Mọ́tò lè dára kí ọ̀nà má dára. Bó bá já sí kòtò, orí ọmọ á mì."

"Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Ó ń ti Itakpe lọ sí Warri. Bí ẹ bá ti dé Warri, ẹ ti délé nìyẹn."

"Ta ló mọ irú irin tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pákó rìn lórí òkun, irin ló wá ń bà yín lẹ́rù."

"Mo mọ pákó," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò ló gbé wa dé Itakpe. Mo bẹ awakọ̀ náà pé kó rọra débi pé ó bi mí bóyá ẹyin ni mo gbé sínú àpò.

Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni wọ́n bí mi sí. Bí a bá rí ohun tó ga lọ́dọ̀ wa, igi àgbọn ni, tàbí ìgbì. Ní Itakpe, òkè pupa kún gbogbo ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Ọmọ mi bi mí bóyá èèyàn ló kó yẹ̀pẹ̀ náà jọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo ní kó dúró ti ẹrù níbi tí mo ti lè máa rí i, mo rìn lọ síwájú ọkọ̀ kí n lè wo ẹni tó máa wà á. Ọkùnrin kan tó ti ń darúgbó ni, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń jẹun lọ. Ìyẹn tó mi.

Nínú ọkọ̀ náà, mo fi ọmọ sí ìdí fèrèsé lápá ọ̀tún, mo jókòó sí òsì rẹ̀. Mo wá jákẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìjókòó, kò sí. Mo wá rántí pé orí ilẹ̀ la wà.

Mi ò mọ ìgbà tó gbéra. Mò ń wo ọkùnrin kan tó ń ti ẹrù lórí pèpéle ibùdókọ̀, mo rò pé òun ló ń rìn lọ sẹ́yìn, kí n tó mọ̀ pé àwa la ti ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa máa ń ṣe bó bá kúrò ní èbúté: kì í fò, kì í ta. Lẹ́yìn náà ló wá ń sáré, síbẹ̀ omi inú ike tí mo gbé síwájú ọmọ mi kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni. Mo wo omi náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dá mi lójú pé orí ọmọ náà kò mì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ló ń dé tẹ̀ léra wọn. Òkè kò kàn pòórá. Ó ń kéré, igbó ń dí i, ó tún yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó wá lọ. Oko ẹ̀gẹ́ dé, lẹ́yìn náà ilé kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ẹni tó ni ilé náà, ó gbé kòkò omi rù, ó dúró kí a kọjá. Àwọn ọmọdé ń ju ọwọ́ sí wa, ọmọ mi sì ń ju ọwọ́ padà. Èèyàn lè dìde, kó rìn lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kó padà bọ̀, kó bá ibi tó kù nínú àjò rẹ̀ níbi tó fi í sí. Bí ọkọ̀ bá dúró, a máa ń mọ orúkọ ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síta. Ajaokuta. Agenebode. Ní Abuja, nígbà tí àbúrò mi ń bi mí ohun tí mo rí lọ́nà, mi ò ní nǹkan kan láti sọ. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo lè kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Èrò inú rẹ̀ náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá kan láti apá Kabba jókòó sẹ́yìn wa, ó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Warri. Yorùbá tirẹ̀ jọ tiwa láwọn ibì kan, ju bó ṣe jọ ti redíò lọ. Obìnrin tó tóbi ni, ẹrù rẹ̀ náà tóbi, ó sì ti fún mi ní ìmọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ kí ó tó bi mí ibi tí mo ti wá. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló kún ìjókòó apá òsì. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tó ṣi orin kọ.

Ní Agbor, gbogbo wọn sọ̀. Apá òsì ṣófo pátápátá, apá ọ̀tún sì kún fún àwa tó kù.

Mi ò ronú sí i. Ara mi ti dìde kí n tó mọ̀. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, mo mú un kọjá sí ìdí fèrèsé lápá òsì, mo padà wá gbé àpò wa. Mo wá wo ìyá Kabba àti ẹrù rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún sí apá ọ̀hún."

"Kí ló dé? Ṣé oòrùn ń pa yín ni?"

"Rárá, mà. Àwọn apá òsì ti sọ̀ tán. Kí ọkọ̀ lè dọ́gba ni."

Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Bàbá ọmọ yìí, pẹ̀lú bí irin tó wà lábẹ́ wa ṣe pọ̀ tó, ẹ rò pé ìdí mi ló máa yí i dànù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ohun tí ẹ sọ gan-an nìyẹn." Ó sì dìde. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ gba ọkọ̀ là. Ẹ gbé ẹrù mi."

Nígbà tí mo fi gbé ẹrù rẹ̀ tán, ó ti jókòó ti ọmọ mi. Kò sí àyè fún mi níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìn wọn, mo sì ń wò wọ́n láàárín ìjókòó méjèèjì. Ó ti rẹ ọmọ náà. Ó fi orí ti fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lápá òsì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ń wo igbó tó ń kọjá. Ìyá náà ki orí bọ inú àpò rẹ̀, ó ń wá nǹkan.

"Ṣé ẹ máa ń gbin ẹ̀pà lọ́dọ̀ yín?" ó ní. Àpò náà ló bá sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Rárá, mà," ọmọ mi ní. "Iyanrìn àti omi ló wà lọ́dọ̀ wa."

Ìyá náà fún un ní ẹ̀pà. Kò sí ohun tó yà á lẹ́nu. Ó béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn.

Èmi tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò rí ẹnu rẹ̀. Igbó ló ń wò. Etí tó dára wà lára gíláàsì tó ń gbọ̀n, ariwo irin sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Apá ọ̀tún ni ìyá náà wà. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó ń ti apá ọ̀tún bá a sọ̀rọ̀, torí pé a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ báyìí, nítorí pé mò ń pín ẹrù nínú ọkọ̀ tí kò bẹ̀ mí. Síbẹ̀, mo sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ etí òsì ló fi gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó ẹ̀rí.

Dókítà ní kí èmi má dán an wò. Kò sọ ti ìyá yìí. Mo tẹ̀ síwájú, mo rọra sọ fún un ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mélòó kan. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀, kó má gbé ohùn sókè, kó má jẹ́ kí ọmọ rí ẹnu òun.

"Ẹ̀yin yìí," ó sọ fún mi, "ẹ máa pa ara yín."

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó bojú wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bó ẹ̀pà, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà ní òun kò ní, àbúrò ni òun ní. Ó bi í bóyá òkun máa ń wọ ilé wọn. Ọmọ ní òkun ti gbé ilé àtijọ́ lọ, àwọn ti kọ́ òmíràn sẹ́yìn. Ó bi í ohun tó máa ń jẹ. Kò dáhùn. Ó tún bi í. Kò dáhùn. Ó bi í bóyá bàbá rẹ̀ máa ń yọ èèyàn lẹ́nu báyìí nígbà gbogbo.

"Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà," ọmọ mi ní.

Ìyá náà bojú wẹ̀yìn wò mí, ó sì gbé ẹ̀pà sẹ́nu.

Mo pe ìyàwó mi kí a tó dé Abraka. Mo sọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́ fún un, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ó ṣì yẹ kí a padà lọ. Ó ní kí n bò ó lórí dáadáa nínú ọkọ̀ ojú omi, kí omi má ta sí i. Ó wá ní òun máa pè mí padà, ó sì pa fóònù.

Oorun ń kun ìyá Kabba. Ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀, ká pààrọ̀ ìjókòó, bí ọkọ̀ kò bá ní í yí. Mo jókòó síbi tó ti dìde, sí ọ̀tún ọmọ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí. Ó ṣì kọjú sí fèrèsé, oko rọ́bà ń kọjá, igi lẹ́yìn igi, gbogbo wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo pa ẹnu mi mọ́, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Mo kàn tẹ orí sún mọ́ ọn díẹ̀, láti wo etí náà bóyá ó tutù tàbí ó gbẹ.

"Bàbá," ó ní, kò sì yíjú padà, "ẹ ń mí sí mi létí."

Mo ní kó má bínú, mo sì sún sẹ́yìn.